Ẹrù Akínyẹlé Nínú Ọkọ̀ Omi Tí A Fà Kúrò ní Sábóńgàrí

Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ tí ò ń fi Haúsá dá ìyá rẹ lóhùn yẹn, jókòó ìwọ náà, mo mọ̀ pé ò ń gbọ́ mi. Lọ́sàn-án òní, mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ó gbé páálí rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n jù ú sẹ́yìn mọ́tò, ó parí. Kò sí ẹni tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n yín ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wò bẹ́ẹ̀?" Ohun tí mò ń rò ni pé ká ní ayé ti rí báyìí nígbà tí à ń múra láti fa ọkọ̀ omi Bàbá Olómi lọ sílé ni, tí wọ́n kàn lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹrù Akínyẹlé, n kì bá tí pè é.

Ẹ ò mọ Sábóńgàrí Kánò tí mò ń wí. Ibi tí ẹ ti ń rí àwọn ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì yìí, ilẹ̀ gbalasa ni, ọyẹ́ á sì máa kó eruku rẹ̀ wọnú ọbẹ̀ wa. Láàárọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ìpè àdúrà láti Fagge, àdúgbò Haúsá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ aago ìjọ wa, lẹ́yìn náà fèrè rélùwéè. Nígbà náà la ó tó gbà pé ilẹ̀ mọ́. Àwa Yorùbá ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n a mọ ara wa. Bí ẹnì kan bá ń lọ sílé, gbogbo àdúgbò ló ń bá a di ẹrù. Ẹ̀wà ni o, àlùbọ́sà ni o, kúlíkúlí, òróró ẹ̀pà, bàtà aláwọ fún bàbá ẹni, gbogbo rẹ̀ la ó kó dé. O ò ní béèrè bóyá àyè wà. O ti gbọ́ pé Lágbájá ń lọ, o gbé tìrẹ wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ẹrù sínú ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, kí ẹnikẹ́ni tó tan mọ́tò, ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ á máa ka orúkọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé, "Ó wà níbẹ̀!" Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ìjà ló fa òfin náà. Ẹnì kan á ní odindi àpò ẹ̀wà lòun fi ránṣẹ́, àwọn ará ilé á ní ife méjì làwọn rí. Pípe ẹrù la ń pè é, èmi ni mo sì sábà máa ń ṣe é, torí ohùn mi ròkè, mo tún lágídí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá yín àgbà mọ̀ pé mo lágídí kó tó fẹ́ mi.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe nígbà náà, lẹ́yìn Enugu Road. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Kánò ni wọ́n sì bí mi sí. Omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú dúróòmù lọ. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ni Bàbá Olómi, káfíńtà tó ń kan ẹ̀yìn mọ́tò akẹ́rù, láyé ìgbà tó ṣì jẹ́ pé pákó ni wọ́n fi ń kàn án. Ìlàjẹ ni, láti abúlé kan tí wọ́n kọ́ sórí omi, tí wọ́n ń gba Ìgbọ́kọ̀dá dé. Ó fi bí ogún ọdún jù mí lọ. Ó ga, ó gbẹ, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ àfi bó bá ń sọ nípa omi, ohun tí a fi sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn.

Ó sọ fún wa pé òun àti àbúrò òun làwọn jọ wá sí Kánò. Akínyẹlé ni àbúrò ń jẹ́, iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe, ó sì máa ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́nà jíjìn. Bí ẹ bá kí Bàbá Olómi láàárọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kún un pé, "Akínyẹlé ńkọ́?" Á ní, "Dáadáa ló wà, ó ti lọ síbi iṣẹ́." Ọdún mẹ́tàdínlógún la fi béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dá wa lójú pé a mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi búra pé òun pàdé rẹ̀ rí ní France Road, pé ó kí òun tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Èmi náà, bí ẹ bá bi mí nígbà náà, mo máa sọ fún yín pé ó pupa díẹ̀, pé ó sì máa ń fi orí gun ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń rìn. Ibi tí mo ti rí i, mi ò mọ̀ títí dòní.

Ọdọọdún ni Bàbá Olómi ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí ìyá wọn lórúkọ àwọn méjèèjì, òun ló sì ń dáhùn bí a bá pe ẹrù. Ó ń gba ọwọ́ èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó dé abúlé. Ìyá náà á fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ padà, ìdì méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún àbúrò. Bàbá Olómi á jẹ tirẹ̀. Ìdì kejì, á gbé e sínú àpótí onígi kan tó kọ AKÍNYẸLÉ sí lára, á sì tì í. Mo rò pé àbúrò ni kò fẹ́ràn ẹja.

Ọdún kan báyìí, bí ọyẹ́ ṣe ń wọlé, awakọ̀ akẹ́rù kan mú iṣẹ́ dé. Ìyá wọn ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ní òun kò ní pẹ́ lọ mọ́. Ó ní ọkọ̀ omi ilé àwọn tí àwọn ọmọ òun gbé jáde lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé, kí wọ́n kan òmíràn wá fún òun, kí àwọn méjèèjì sì jọ fọwọ́ ara wọn gbé e wá kí òun tó kú. Bàbá Olómi jókòó sórí pákó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí ìsọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ omi láàárín iyanrìn Kánò.

Mo ní, "Bàbá, ṣé kò sí káfíńtà nílé yín ni?"

Ó ní, "Èmi ni mo gbé ti àkọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ mi ló gbọ́dọ̀ kan èyí."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Àwọn èèyàn ń ti Fagge wá wò ó. Málàm Audu, mai ruwa wa, ẹni tó ń ta omi fún wa, tó ń fi igi kọ́ garawa omi méjì léjìká, máa ń dúró níwájú ìsọ̀, á mi orí, á ní, "To, Baba, ruwan fa?" Ó ń béèrè pé omi tó fẹ́ gbé e lé dà. Bàbá Olómi á ní, "Ìwọ lo máa bá mi rù ú wá." Kì í ṣe àwàdà. Ọyẹ́ máa ń fún pákó, ojú ìkàn á là, ọkọ̀ tí ò bá mu omi kó tó gbọ̀nà á ti fọ́ kó tó dé Kàdúná. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Málàm Audu ń da garawa mẹ́rin sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Àwa rò pé ọyẹ́ ló ń fà á gbẹ. Málàm Audu ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Shan ruwa yake yi, kamar mai rai," pé ọkọ̀ náà ń mu omi bí ohun tó lẹ́mìí.

Iṣẹ́ tèmi ni ohun tí a máa gbé e lé. Mo wá irin ẹsẹ̀ mọ́tò Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan tó ti kú, pẹ̀lú táyà àti sípíríǹgì rẹ̀, mo jó irin mọ́ ọn bí ibùsùn, mo na ọ̀pá kan síwájú tí a máa fi kọ́ ìdí mọ́tò. Tírélà tí àwọn adìyẹ yín ń sùn lé lórí lẹ́yìn ilé yìí náà ni. A rọ koríko sínú àpò ẹ̀pà, a tẹ́ ẹ kí irin má baà ha pákó. Lásísì, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kánò, tó ní Láńdírófà, ló gbà láti fà á. Ó fa tírélà òfìfo náà yí Sábóńgàrí ká lẹ́ẹ̀mẹta, èmi sì ń sáré lẹ́yìn rẹ̀ kí n lè gbọ́ bóyá irin ń ké. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ omi lé e, tí gbogbo àdúgbò sì kó ẹrù sínú rẹ̀, mo fi ọwọ́ wọn àyè tó wà láàárín sípíríǹgì àti irin òkè. Ìka mẹ́rin ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ fi ìka mẹ́rin yẹn sọ́kàn.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán Jímọ́ ni. Àwọn Mùsùlùmí ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, òpópónà dá wáí. Mò ń jó irin lọ́wọ́, mo pa iná, mo sì gbọ́ omi. Kì í ṣe omi tó ń ṣàn. Omi tó ń lu ara pákó ni, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, á lù ú, á dúró, á tún lù ú. Mo lọ wo inú ọkọ̀, ó gbẹ táútáú. Ìgbà tí mo fẹ́ yí padà ni mo rí ìlà kan lára rẹ̀ níta, ní ìwọ̀n orúnkún, tó yí gbogbo ọkọ̀ náà ká. Ìlà náà tutù. Òkè rẹ̀ gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rin. Ẹnikẹ́ni kì í da omi síta ọkọ̀, inú ni a ń dà á sí. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Olómi nìkan. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ìwọ̀n ibi tí omi máa dé lára rẹ̀ nìyẹn, bí èèyàn méjì bá jókòó sínú rẹ̀." Ó wá ní, "Bí a bá ń lọ, má jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹnikẹ́ni nítòsí ọkọ̀ yìí. Nílé wa, a kì í pe èèyàn lórí ọkọ̀ tí kò tíì kan omi."

Mo ní, "Pípe ẹrù ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Èmi! Kí n fi pípe ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n wá pè mí lólè lọ́la? Mo ní òun kò mọ àwọn èèyàn wa ni. A jiyàn títí, ó wá rẹ̀ ẹ́. A jọ fẹnu kò pé ọ̀nà jíjìn sí ọkọ̀ ni n ó ti pe ẹrù, lẹ́bàá ìsọ̀ mi. Mo ṣèlérí, ó sì gbà mí gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ bo gbogbo àdúgbò débi pé a ò rí ìparí òpópónà. Àwọn èèyàn ń jáde láti inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi aṣọ di imú, a ò dá wọn mọ̀ àfi bí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́bàá ìsọ̀ mi bí a ṣe sọ. Ìyàwó mi ló kọ orúkọ sínú ìwé, mo sì ń ka ohun tó kọ.

"Ìyá Ìbejì!"

"Ó wà níbẹ̀!"

"Sábúrì télọ̀!"

"Ó wà níbẹ̀!"

Báyìí là ń bá a lọ, ó ń dùn mọ́ mi. Ẹni tó gbẹ̀yìn ìwé ni Akínyẹlé. Ìyàwó mi rí orúkọ lára àpótí, òun náà sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí ti gbogbo èèyàn.

Mo ní, "Akínyẹlé!" Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún ní, "Akínyẹlé rélùwéè!" Àwọn èèyàn ń wo ara wọn nínú ọyẹ́.

Ìyàwó mi ní, "Bóyá ó ti lọ síbi iṣẹ́."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé?" Inú bí mi. Mo ní bí kò bá sí níbẹ̀, a máa sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀, òfin ni òfin. Mo rìn lọ síbi ọkọ̀. Bí mo ṣe débẹ̀, mo gbàgbé ìlérí, mo gbàgbé iyọ̀, àgídí ló gba gbogbo orí mi. Mo na ọwọ́ kọjá etí ọkọ̀, mo fi gbá orí àpótí náà. Bàbá Olómi, tó máa ń dáhùn fún un, wà lábẹ́ tírélà níwájú, ó ń so okùn, kò sì gbọ́ ohun tí mò ń pè lókèèrè. Mo gbọ́ tó ké pé, "Má pè é! Má pè é níbẹ̀ yẹn!" Ẹnu mi ti là ná.

"Akínyẹlé!"

"Mo wà níbí."

Ohùn náà kò ròkè. Ó dà bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Láàárín àpò ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ló ti wá, ibi tí ojú mi wà gan-an, mi ò sì rí ẹnikẹ́ni. Irin ké lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fì, ó dúró, bó ṣe máa ń ṣe bí èèyàn bá wọ̀ ọ́ tó sì jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àyè ìka mẹ́rin ti di ìka méjì.

Ìyàwó mi nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Akínyẹlé, ẹ káàárọ̀ o," bó ṣe ti mọ́ ọn lẹ́nu láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Bàbá Olómi jáde lábẹ́ tírélà, ó jókòó sórí iyanrìn. Ó ní, "Akínyẹlé ò dé Kánò rí. Ọjọ́ tí a kúrò nílé ni omi mú un. Afẹ́fẹ́ ń jà lọ́jọ́ náà, ó ní kí a jẹ́ kó dọ̀la. Èmi ni mo ní a ò ní dúró. Ọkọ̀ dojú dé, mo lúwẹ̀ẹ́ jáde, òun kò jáde. Mo wá a títí, mi ò rí i. Ẹ̀rù bà mí láti padà lọ bá Màmá. Mo wọ mọ́tò. Nígbà tí mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sílé, mo kọ ọ́ pé àwa méjèèjì dé láyọ̀."

Ojú tì wá. Ẹ ò lè mọ bí ojú ṣe tì wá. Gbogbo wa la ti kí ẹni tí kò sí. Gbogbo wa la ti sọ fún ara wa bó ṣe rí.

Lásísì ti yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Wallahi, Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè fa eléyìí. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé mi." Málàm Audu ti gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bóyá òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò yà lẹ́nu. Ó ní kí òun da omi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè rí ibi sọ̀ kalẹ̀ sí.

Mo yíjú sí Bàbá Olómi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nílé yín, kí ni wọ́n ń ṣe?"

Ó ní, "Wọ́n á fi àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní a ti dé, kó sọ̀. Á sọ̀." Ó dìde, ó mú àjẹ̀. Málàm Audu dojú garawa kọ ilẹ̀ díẹ̀. Gbogbo wa ń retí ìró igi lára igi, mo kàn fẹ́ kó tán. Ó gbé àjẹ̀ sókè, ó gbé e sókè pẹ́. Ó wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó ní, "Bó bá sọ̀ níbí, ibí ló máa wà títí ayé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi parọ́ fún ìyá mi pé Kánò ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi sọ ọ́ di òótọ́?"

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ kúrò lójú kan. Ó lọ síbi ọkọ̀, ó sì gbé ẹ̀wà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí àyè lè wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sábúrì, lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wa. Bí olúkúlùkù ṣe ń gbé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mò ń fa igi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, títí ó fi ku orúkọ kan. Mo wọn sípíríǹgì. Gbogbo ẹrù Sábóńgàrí ti kúrò níbẹ̀, kò sì gbé ju ìdajì ìka lọ. Mo tan iná mi, mo fi irin kan kún sípíríǹgì lápá kìíní kejì. Ìdí tí iṣẹ́ náà kò fi dán títí dòní ni pé ìkánjú ni mo fi ṣe é. Mo wá sọ fún Lásísì pé n ó jókòó tì í lọ síbi tó bá ń lọ, torí èmi ni mo pe Akínyẹlé. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n ìtìjú náà ju ẹ̀rù lọ. Lásísì wo Bàbá Olómi, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó ní, "To, Bismillah."

Ọjọ́ mẹ́ta la lò lójú ọ̀nà. Bàbá Olómi kọ̀ láti jókòó sínú mọ́tò, inú ọkọ̀ omi ló wà, lápá ẹ̀yìn, ó di àjẹ̀ mú. Mò ń gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Á sọ̀rọ̀, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á tún sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Kàdúná, ọlọ́pàá kan dá wa dúró, ó wo inú ọkọ̀ omi, ó sì bá Lásísì sọ ọ́ pé, "Driver, tell those two people make dem sit down well." Lásísì ní, "Yes, sir." Ó tẹ mọ́tò, àwa méjèèjì kò sì wẹ̀yìn títí a fi kọjá afárá Jẹ́bbà.

Ìgbọ́kọ̀dá la ti tì í sínú omi. Sípíríǹgì fò sókè bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Bàbá Olómi ní kí n wọ̀ ọ́ wá, kí n wá jẹ́rìí. Èmi tí mi ò wọ omi rí! Mo jókòó sáàárín lórí àpótí Akínyẹlé, mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Bàbá Olómi wà lẹ́yìn mi, ó ń wà á. Iwájú ọkọ̀, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, rì sínú omi ju ẹ̀yìn lọ. Mi ò wo ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò.

Wọ́n ti di ìyá wọn mú wá sí orí pákó tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ó kéré, ojú rẹ̀ funfun. Bí ọkọ̀ ṣe kan pákó, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú ọkọ̀, ó sì di nǹkan mú. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi pé ìka rẹ̀ kò pa dé, bí ẹni tó di ọwọ́ mìíràn mú. Mo wẹ̀yìn. Ọwọ́ Bàbá Olómi méjèèjì wà lórí àjẹ̀.

Ìyá náà ní, "Akínyẹlé, ọwọ́ rẹ mà tutù o."

Bàbá Olómi bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmá, omi ló mú un. Èmi ni mo ní kí a má dúró. Mo parọ́ fún yín."

"Mo mọ̀," ìyá náà ní. "Ọjọ́ kẹta tí ẹ lọ ni wọ́n fa ọkọ̀ wa wá fún mi. Abẹ́ ilé níbí ló jẹrà sí. Mò ń di ẹja ní ìdì méjì lọ́dọọdún, mò ń retí ọdún tí wàá ránṣẹ́ pé kí n di ẹyọ kan."

Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò pa ohun tó dì mú lára, bí a ṣe máa ń pa ọwọ́ ọmọ. Iwájú ọkọ̀ wá rọra gbé sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bá ẹ̀yìn dọ́gba. Ìyá náà la ọwọ́ rẹ̀. Omi kán láti inú rẹ̀ sórí pákó. Ó ní kí n dìde lórí àpótí, kí wọ́n jù ú sínú omi láìṣí i, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Olómi kò padà wá sí Kánò. Èmi àti Lásísì la fa tírélà òfìfo bọ̀, ó ń fò lẹ́yìn wa ní gbogbo kòtò. Ìrọ̀lẹ́ la wọ Sábóńgàrí. Ìyàwó mi jókòó níwájú ilé, ó bu omi fún mi, ó kí mi kú ìrìn, ó béèrè Bàbá Olómi, ó béèrè ìyá wọn. Ó wá béèrè bí a ṣe máa ń béèrè láràárọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún wá.

Ó ní, "Akínyẹlé ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti délé."